Aṣọ Ara Òkúta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Bàbá Kékeré ti fi ọ̀dà dúdú pa orúkọ yín rẹ́ lára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é, lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo ará àdúgbò wa ní Lásùnwọ̀n dúró tí wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo eré. Ẹ má rò pé ẹkún ni mo ń sun bí mo ṣe ń kọ èyí sí yín. Mi ò sunkún. Inú ló ń bí mi, ẹ sì mọ̀ pé ìgbà tí inú bá ń bí mi ni ọwọ́ mi máa ń yá sí iṣẹ́.

Màá sọ bó ṣe jẹ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá ti Ẹ̀pẹ́ wá bá yín lọ́hùn-ún láìpẹ́, onítọ̀hún á ti bù mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Á ní ọmọ yín ti di abọ̀rìṣà. Á ní mo gbé ère aláìlórí kọ́ ògiri, mo sì ń rán irú aṣọ tó wà lára rẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ní ọkọ nílé. Irọ́ ni. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo Ẹ̀pẹ́ ń pè yín, torí pé ẹ kì í kánjú fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe pé Iléyá ku ọ̀la. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìkòròdú, ẹ̀yin fúnra yín lẹ jókòó ti ẹni tó kọ pátákó náà, tí ẹ ní kí ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: JẸ́JẸ́ ÀTI ỌMỌ. Ẹ ò kọ irú rẹ̀ sára ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀pẹ́ rí. Ibẹ̀, JẸ́JẸ́ lásán ni, Bàbá Kékeré àbúrò yín ló sì wà níbẹ̀ báyìí, ẹni tí ẹ kọ́ níṣẹ́ lórí tábìlì kan náà tí ẹ ti kọ́ mi. Àwa méjèèjì là ń jẹ orúkọ yẹn. Òun ni ìjà wa dá lé.

Ìwé kan ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ rántí pé ìwé ìròyìn àtijọ́ lẹ ní kí n máa gé fún ìwọ̀n ọrùn àti apá, kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníaṣọ. Ìwé ìròyìn tètè máa ń ya, bébà tó nípọn ni mo ń wá láti ọjọ́ yìí. Mo wá lọ ra ẹja ní Ìpakodò, mo rí ọkùnrin kan tó tẹ́ ìwé àlòkù sórí ọ̀rá, lẹ́bàá ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Ọ̀kan wà nínú wọn tó fẹ̀ bí àtẹ ẹlẹ́ja, bébà rẹ̀ nípọn, ó sì ń dán. Mi ò tilẹ̀ ṣí i wò. Bí ẹni ń ra páálí ni mo ṣe rà á, mo gbé e lé orí ẹja mi, mo gba ilé lọ.

Nígbà tí mo mú sísọ́ọ̀sì tí mo ṣí ojú ewé tí mo fẹ́ kọ́kọ́ gé, ọwọ́ mi dúró. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, òkúta funfun ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kò lórí, kò lápá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo rí, Bàbá. Aṣọ ni mo rí. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti èjìká wálẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ itan rẹ̀ bí aṣọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀sà, tó kó jọ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, tó tún tú ká nísàlẹ̀. Òkúta ni o! Mo fọwọ́ pa ojú ewé náà láti mọ̀ bóyá aṣọ gidi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ìrán rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi: kí n tó yin aṣọ kankan, kí n kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ti rán an. Mo wá a títí. Kò sí.

Mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tí ẹ rán mi lọ kọ́. Wọ́n ní àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní aṣọ wọn kì í rí sísọ́ọ̀sì. Bó bá ṣe ti orí òfì jáde, igun mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á fi nǹkan dè é ní èjìká méjèèjì, wọ́n á fi ọ̀já gbà á ní ìbàdí, ó parí. Àwọn agbẹ́kùúta wọn wá jókòó, wọ́n ń wo bí aṣọ ṣe ń ṣubú lára ènìyàn, wọ́n sì ń fi irin gbẹ́ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ rántí omi tí ẹ máa ń bù sẹ́nu, tí ẹ máa ń fọ́n sára aṣọ kí ẹ tó lọ̀ ọ́? Èmi ni mo máa ń dúró nídìí tábìlì. Ibi tí omi bá kàn lára aṣọ á lẹ̀ mọ́ pákó, gbogbo ojú pákó náà á sì hàn, títí kan ibi tí orí ìṣó ti yọ. Ẹ̀yin á ti gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e kí n tó wò ó tán. Ó máa ń dùn mí pé ẹ ń tètè pa á rẹ́. Mi ò sọ fún yín nígbà yẹn, torí pé ta ni yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí píìnì kún ẹnu rẹ̀? Bí ènìyàn bá kí yín, "ùn-ùn" lẹ máa ń dá a lóhùn.

Ibi tí ìwé náà ti pa mí lẹ́rìn-ín ni apá ìkẹyìn rẹ̀. Wọ́n to àwòrán òkúta sí apá kan, wọ́n wá to gáùn òde òní sí apá kejì, èyí tí àwọn aránṣọ ńláńlá ìlú òyìnbó ń rán fún àwọn olówó. Ẹ wò ó, Bàbá, nǹkan kan náà ni! Gáùn olápá kan tí àwọn ọmọge Ìkòròdú ń pè ní wán-háńdì, tí wọ́n ń sáré gbé wá bá mi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yìí, mo bá a lára òkúta. Èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ní kéékèèké láti àyà dé ilẹ̀, mo bá a lára òkúta. Èyí tí okùn gba abẹ́ ọmú rẹ̀ kọjá, tí àwọn aboyún fẹ́ràn, òun náà wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo àwọn ọ̀gá tó ń gba ìyìn kárí ayé yìí, iwájú òkúta aláìlórí ni wọ́n ti lọ kọ́ṣẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní aṣọ tí kò bá tíì fojú kan sísọ́ọ̀sì, ìró ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń sọ, ẹ ó sì yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò ní ẹ̀yìn etí, ẹ ó fà á gbọọrọ lórí aṣọ, pé ibi tí ó yẹ kí a gé ni iṣẹ́ télọ̀. Ẹ fi rúlà pákó gbá mi lọ́wọ́ nígbà kan nítorí pé mo kàn fi aṣọ kọ́ ìyá kan léjìká láti wo bó ṣe máa ṣubú, dípò kí n mú téèpù. Bàbá mi, mo júbà yín. Mo yíkàá, mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣìnà níbẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ mọ gbogbo nǹkan tí ènìyàn lè mọ̀ nípa aṣọ tí a gé, ẹ ò sì wo aṣọ tí a kò gé lójú rí.

Mo ti gbìyànjú rẹ̀, ni mo fi lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Áńkárá kọ̀ fún mi, ó dúró gbagidi bí páálí àfi ìgbà tí mo fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ tí gbogbo sítáàṣì ara rẹ̀ lọ. Léèsì ò tilẹ̀ dá mi lóhùn. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló gbà fún mi. Mo rẹ ẹ́ sómi, mo ṣẹ́ ẹ ní kéékèèké, mo lọ́ ọ, mo fi òwú dì í pinpin bí àwọn aládìrẹ ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n mi ò rẹ ẹ́ sí aró. Oòrùn ni mo sá a sí. Nígbà tí mo tú u, ó ṣẹ́ léra wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti òkè délẹ̀, mo sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò mi fi sáré wọlé pé kí ló bù mí jẹ. Ohun tí mo wá rí ni pé ilẹ̀ ló ń fa aṣọ. Kò sí ohun tí télọ̀ lè ṣe sí ìyẹn. Ibi tí a ó ti dì í mú ni iṣẹ́ wa, bí a bá sì ṣì í dì mú, obìnrin náà á dà bí àpò gaàrí.

Ìyá Tóbi ni oníbàárà àkọ́kọ́. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ́sítéètì kan lẹ́yìn wa níbí ló ń gbé, ìsàlẹ̀ Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń wà lójú ọ̀nà, nítorí náà Sátidé nìkan la máa ń rí i. Ìwé náà wà lórí tábìlì mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i bó ṣe ń dúró dè mí. Kí ẹ tó mọ̀, ó ti fi ìka lé ojú ewé kan.

"Àǹtí, ìwé sítáì tuntun lèyí? Èyí ni kí ẹ rán fún mi o."

Mo sọ fún un pé òkúta ni.

"Mo rí i pé kò lórí nà. Kàlẹ́ńdà sítáì tó wà nílé mi náà, wọn ò ya orí wọn. Ẹ ṣáà bá mi fi apá sí i, éésì ọ́fíìsì wa tutù gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí àyà hàn báyìí, ọkọ mi á pariwo."

Bàbá, ta ni kì í bá rẹ́rìn-ín? Ó rò pé ẹni tó ya fọ́tò ló gé orí rẹ̀ kúrò. Mo fẹ́ là á yé e, mo tún wò ó pé, kí ló wà níbẹ̀ láti là? Òun náà rí aṣọ, kò rí òkúta. Èmi náà kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀? Mo rán an. Mo fa aṣọ náà bo apá rẹ̀, mo bo àyà rẹ̀, mo dì í léjìká, mo jẹ́ kí ìyókù lọ síbi tó fẹ́ lọ. Ó wọ̀ ọ́, ó yí níwájú dígí.  Ó kàn ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń wo bí aṣọ náà ṣe ń tẹ̀lé e.

Láti ibẹ̀ ló ti ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Wọ́n ń wá láti Èkó, wọ́n ń béèrè aṣọ òkúta. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣí ìwé, ọ̀kan á ní òun fẹ́ ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, èkejì á ní ti ẹni tí imú rẹ̀ gé ni kí n rán fún òun. Kí wọ́n má baà ya ìwé náà mọ́ mi lọ́wọ́, mo lọ ṣe fọ́tókópì obìnrin aláìlórí yẹn, ńlá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ohun tó dá ìjọ̀ngbọ̀n sílẹ̀ nìyẹn.

Kí n tó débẹ̀, Màámi wà dáadáa. Orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ sí ọjà ẹja fúnra rẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a lọ. Ó ní fóònù báyìí. Fóònù tí ẹ ní wèrè nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ lójú títì, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀, Màámi ló sì ń pariwo jù. Bí mo bá pè é, á sọ fún mi pé kí n sọ̀rọ̀ sókè, torí pé Ìkòròdú jìnnà. Ó máa ń dárúkọ yín bíi pé ẹ lọ kírun ni, ẹ ń bọ̀. Mi ò tíì mọ bí màá ṣe ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó dáa. Obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan wá wo ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn fákítìrì ibí, òjò sì lé e wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wo ògiri, ó wò mí. Mo fún un ní àga, ó ní òun á dúró. Kò pẹ́ tó padà sí Ẹ̀pẹ́ ni Bàbá Kékeré dé, láìránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Iwájú àwòrán yẹn ló lọ dúró sí.

"Kí lèyí?"

"Àwòrán òkúta ni, Bàbá Kékeré."

"Ère ni. Òrìṣà ni. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi."

Mo sọ fún un pé àwọn tó ni ín pàápàá ò bọ ọ́ mọ́, pé mi ò forí balẹ̀ fún un rí, pé aṣọ ara rẹ̀ nìkan ni mo ń wò. Mo fi ẹní ìkírun mi hàn án ní igun kejì, pé bí mo bá dìde láti kírun, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí ògiri yẹn. Mo gbé ìwé náà fún un pé kí ó wò ó, ó ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo gbé omi fún un, kò mu. Ó wá sọ èyí tí mo mọ̀ pé òun gan-an ló gbé e wá.

"Kí a tiẹ̀ ti ère sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aṣọ tí o ò gé, ṣé iṣẹ́ télọ̀ nìyẹn? Ta ni ò mọ aṣọ wé? Jẹ́jẹ́ kì í wé aṣọ. Jẹ́jẹ́ ń rán aṣọ!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí pé ohùn yín ni. Bí ẹ ṣe máa ń gbé e nìyẹn, ó tilẹ̀ fi ìka gbá tábìlì mi bíi tiyín. Ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, àkísà mi kún àpò níbẹ̀, gbogbo èyí tí mo bàjẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n yọ àwòrán, kí n sì jáwọ́ nínú aṣọ yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun kúrò lára pátákó. Ó ní kí n wá sọ èyí tí mo bá mú fún ẹbí ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Mo lọ. Ẹ mọ̀ pé màá lọ. Yàrá ìgbàlejò yín ni wọ́n kó jọ sí, Màámi jókòó sórí àga yín. Bàbá Kékeré sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó rán wa létí àwọn baba ńlá wa tó bá ọba wọn kúrò ní Èkó, tí wọ́n wá forí pamọ́ sí Ẹ̀pẹ́, pé ọkọ̀ kékeré ni wọ́n wọ̀, wọn ò rí ẹrù kó, orúkọ wọn àti ìrun wọn ni wọ́n gbé dání. Ó ní orúkọ ni ogún tí àwa ní. Gbogbo wọn ń mi orí. Èmi náà mi orí, torí pé òótọ́ ni.

Mo wá ní kí n béèrè nǹkan kan. 

Ẹ ò mọ èyí, Bàbá, torí pé ẹ̀yin lẹ wà lórí ẹní. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ, bí wọ́n ṣe gbé aṣọ funfun dé, mo sáré lọ mú abẹ́rẹ́ àti òwú. Mo rò pé èmi ni mo yẹ kí n rán aṣọ ìkẹyìn yín. Ó kéré tán, kí n ṣẹ́ etí rẹ̀. Bàbá Kékeré ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní abẹ́rẹ́ kì í wọ lìkáfáánì. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ta ni ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dà bíi pé mi ò gbọ́ ọ rí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí mo ti ki òwú bọ̀ lójú, mi ò mọ ibi tí màá fi í sí, mo kàn fi gún gèlè orí ara mi. Ó pẹ́ tí inú fi ń bí mi sí ìlànà yẹn. Ẹni tó rán aṣọ fún gbogbo Ẹ̀pẹ́, kò rí ojú abẹ́rẹ́ kan mú lọ! Ṣé ó bá yín mu? Ta ló wọ̀n yín? Ṣé ẹ wá ojú ìrán rẹ̀ tì?

Ohun tí mo bi wọ́n nìyẹn. Mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ̀yin lẹ wé bàbá mi. Ṣé ẹ rán an? Aṣọ tí ẹ fi wé e, ṣé aṣọ ni, àbí ẹ ní ìró lásán ni?"

  Màámi ló dá mi lóhùn, kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

"Ó wé e dáadáa. Wọ́n jẹ́ kí n wò ó kí wọ́n tó gbé e. Kò sí ibi kan tó rọ́, kò sí ibi kan tó fún un jù. Ó wé ọkọ mi dáadáa."

Mo rí ojú Bàbá Kékeré. Ó pọ́n, ó sì fi apá bùbá nù ún. Mo rò pé ó parí, pé a ti yanjú rẹ̀, mo tilẹ̀ fẹ́ lọ dì mọ́ ọn. Ó ní, "Ti ikú nìyẹn. Ti alààyè ni mo ń sọ. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, pẹ̀lú ọ̀dà."

Mo sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé mi ò ní yọ àwòrán, mi ò ní jáwọ́, mi ò sì ní fi ọwọ́ ara mi pa orúkọ bàbá mi rẹ́. Bí ó bá fẹ́ pa á, kí ó wá pa á fúnra rẹ̀. Wọ́n ní mo gbó àgbà lẹ́nu. Bóyá mo ṣe é. Mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò sì ní bẹ̀bẹ̀.

Ó wá lóòótọ́. Ó yá àkàbà lọ́wọ́ káfíńtà tó wà lódìkejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, àkàbà ń mì. Ẹ mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ ò dáa, gbogbo yín ni ẹ jọ ní orúnkún yẹn. Kí ni kí n ṣe? Mo lọ di àkàbà mú fún un. Gbogbo Lásùnwọ̀n ń wò wá, àbúrò bàbá ń pa orúkọ rẹ́ lókè, ọmọ ń di àkàbà mú nísàlẹ̀, ọ̀dà ń kán sí mi léjìká.  Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n fún òun lómi, ó mu ún tán, ó dá ife padà fún mi lọ́wọ́ méjèèjì, ó lọ wọ ọkọ̀ tó ń gba Ìtoìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

JẸ́JẸ́ nìkan ló pa rẹ́. Bóyá ọ̀dà ló tán, bóyá kò ní lọ́kàn láti pa ìyókù, mi ò bi í. Ohun tó kù lẹ́nu ọ̀nà mi báyìí ni ÀTI ỌMỌ. Àwọn tó ń kọjá ń bi mí pé àti ọmọ ta ni.

Mi ò pe ẹni tó ń kọ pátákó padà. Bí mo bá kọ ọ́, Bàbá Kékeré á tún wá, orúnkún rẹ̀ ò sì lè gba àkàbà lẹ́ẹ̀mejì. Ríbọ́ọ̀nù funfun ni mo lọ rà. Aṣọ òkúta ò ní ojú ìrán, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo máa ń fi abẹ́rẹ́ kàn, ìyẹn orí èjìká, níbi tí gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ ti pàdé. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an, níbi tó ti ń kan ara ẹni tó wọ̀ ọ́, ni mò ń rán ríbọ́ọ̀nù sí. Mo fi òwú dúdú kọ JẸ́JẸ́ sí i, lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Gbogbo aṣọ tó ń jáde lọ́dọ̀ mi ló ń gbé e lọ. Ìyá Tóbi gbọ́, ó kó tirẹ̀ padà wá pé kí n fi sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà kó tiwọn wá. Ẹ ti ń lọ sí ọ́fíìsì báyìí, Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ràn Èkó. Ẹ ń wọ lífítì, ẹ ń jókòó ní ìpàdé, ẹ ń padà sí Ìkòròdú nírọ̀lẹ́ lára ẹni tó ti rẹ̀.

Bí Bàbá Kékeré bá ṣì fẹ́ pa orúkọ yín rẹ́, kí ó gbé ọ̀dà rẹ̀, kí ó máa bọ́ aṣọ lọ́rùn obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan láti ibí títí dé Èkó. Màá wo ọkọ tó máa gbà fún un. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ gbà pẹ̀lú rẹ̀, tí ẹ ní kí n yọ ọ́, ẹ mọ ilé mi. Ẹ wá bá mi lójú àlá, kí ẹ yọ píìnì kúrò lẹ́nu, kí ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́. Màá kúnlẹ̀ kí yín, màá gbọ́ yín dé òpin, mi ò sì ní yọ ọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lọ.